Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Nílẹ̀ Òkèèrè: Àyẹ̀wò Ètò Tí Ó Ń Rán Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Lọ Tọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Sọ́nà

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ètò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń gbèrò láti forúkọ sílẹ̀ mọ ìdí tí kò fi jẹ́ ìràwọ̀ kan, kí ó sì mọ ìdí tí kò fi pé márùn-ún. Ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń rán wọn lọ sí ìlú kékeré kan nílẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n lè máa tọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 13 sí 17 sọ́nà, kí wọ́n sì bá àwọn ará ìlú náà ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè tí yóò tọ́jọ́. Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì nígbà tí mo lọ. Àwa mẹ́sàn-án ni a jọ gbéra, gbogbo wa ni a sì ti san owó wa pé kí a tó wọ ọkọ̀ òfurufú. N kò ní dárúkọ àwọn tí ó ṣètò rẹ̀, nítorí pé ohun tí mo rí lọ́wọ́ wọn kì í ṣe tiwọn nìkan. Púpọ̀ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ tí ó ń polówó ara rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lónìí ni a gbé kalẹ̀ báyìí gẹ́lẹ́, ẹni tí ó bá ka àyẹ̀wò yìí yóò sì rí ohun tí yóò fi díwọ̀n òmíràn.

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1948, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Yúróòpù dá AIESEC sílẹ̀ kí ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè kan lè mọ ti èkejì, àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ni ó sì ń darí rẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 1958 ni VSO, àjọ tí ó ń rán olùyọ̀ǹda ara ẹni lọ sí òkèèrè, bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n sì kọ́kọ́ rán jáde. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní nǹkan bí aago méjì òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, John F. Kennedy, tí ó ń díje du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, dúró lórí àtẹ̀gùn ilé kan ní Yunifásítì Michigan, ó sì bi ogunlọ́gọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ń dúró dè é pé mélòó nínú àwọn tí yóò di dókítà ni ó ṣe tán láti lọ lo ọjọ́ ayé wọn ní Gánà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n kó ìfọwọ́sí jọ, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹta ọdún 1961, Kennedy ti di ààrẹ, ó sì ti dá Peace Corps sílẹ̀, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rán olùyọ̀ǹda ara ẹni lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni àwọn àkọ́kọ́ dé Gánà.

Mo mú ìtàn yìí wá nítorí ọ̀rọ̀ àkókò. Oṣù 27 ni ẹni tí ó bá wọ Peace Corps ń lò, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀kọ́ èdè àti ti iṣẹ́. VSO náà, nígbà tí ó ti ń ṣe é bọ̀ fún ìgbà pípẹ́, yí padà kúrò lórí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé, ó sì yíjú sí ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni tiwa. Ìwé ìpolówó ètò wa kò fi bò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, ṣùgbọ́n ó kó ìlérí tí ó tó ọdún méjì sínú rẹ̀. Lójú ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n tẹ àwọn àmì aláwọ̀ mèremère ti àwọn Àfojúsùn Ìdàgbàsókè tí orílẹ̀-èdè 193 fọwọ́ sí ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 sí, wọ́n sì ní mẹ́rin nínú wọn ni a óò ṣiṣẹ́ lé lórí. Àfojúsùn náà jẹ́ 17, ìpín abẹ́ wọn sì jẹ́ 169, nítorí náà kò sí iṣẹ́ kan lábẹ́ ọ̀run tí a kò lè rí ọ̀kan so ó mọ́. Ẹni tí ó bá rí àmì wọ̀nyí lára ìwé ètò kan, kí ó má tíì kà á sí ẹ̀rí ohunkóhun.

Kí a tó gbéra, ìpàdé márùn-ún ni a ṣe lórí kọ̀ǹpútà, wákàtí méjì-méjì. Ọ̀rọ̀ ààbò àwọn ọmọ ni wọ́n ṣe dáadáa jù nínú gbogbo rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún un. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, wọ́n pe ènìyàn méjì tí ó mọ̀ wá kí wọ́n tó gbà wá wọlé, wọ́n sì mú wa fọwọ́ sí òfin tí kò gba àwáwí. Kò sí ẹni tí yóò dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbé àwòrán ọmọ sí orí Facebook tàbí Instagram láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí yóò fún ọmọ ní owó tàbí ẹ̀bùn lábẹ́lẹ̀. Ẹnì kan nínú wa kùn pé òfin fọ́tò yìí ti le jù. Lójú tèmi, kò le tó, nítorí mo ti rí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ti di ìpolówó ètò tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ èdè ni wọ́n fi ṣeré. Ìdajì wákàtí ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ìkíni mẹ́fà ni a sì kọ́. Nígbà tí a débẹ̀, ògbufọ̀ méjì ni ó wà fún àwa mẹ́sàn-án, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ kan fẹ́ sọ fún mi, tí kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́, kò ní ọ̀nà tí yóò gbà dé etí mi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àlejò ní ojú, kò fi ríran. Bí àlejò náà kò bá tún ní etí, mo fẹ́ mọ ohun tí a ń pè ní ìtọ́sọ́nà níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí a dé ni wọ́n pín àwọn ọmọ fún wa, mẹ́ta-mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé, àti òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ni a máa ń pàdé wọn nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé náà. A ó kàwé pẹ̀lú wọn, a ó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ yàn láàyò, a ó kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí a fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì fetí sílẹ̀ bí ọmọ bá ní ohun tí ó ń dùn ún lọ́kàn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tèmi jẹ́ ọmọbìnrin ọdún 15 tí ó ń yanjú ìṣirò kí n tó ka ìbéèrè tán. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń wá ojú ìwé tí kò tíì kọ nǹkan sí nínú ìwé rẹ̀, ó ṣí i dé ẹ̀yìn pátápátá, mo sì rí ohun kan níbẹ̀ tí ojú mi kò tíì kúrò lára rẹ̀ títí di òní.

Ó ti fi rúlà fa ìlà gùn wálẹ̀ lójú ìwé náà, ó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Orúkọ wà ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ọjọ́ tí ẹni náà dé wà ní ìkejì, ọjọ́ tí ó lọ wà ní ìkẹta. Orúkọ mẹ́fà ni ó ṣáájú tèmi, orúkọ ilẹ̀ òkèèrè gbogbo wọn, tí ó fara balẹ̀ kọ pẹ̀lú bírò aláwọ̀ aró. Èmi ni ìkeje. Ọ̀sẹ̀ kejì péré ni a wà, ó sì ti kọ ọjọ́ tí n óò lọ sí i.

Mo ní kí ògbufọ̀ bá mi bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì kí ẹ tó dé.” Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń sọ aago tí ọkọ̀ máa ń gbéra, lẹ́yìn náà ó ṣí ojú ìwé mìíràn, a sì ń bá ìṣirò wa lọ.

Nígbà tí mo túbọ̀ wádìí, mo rí i pé gbogbo àwọn mẹ́fà náà ni ó ti bi í ní ìbéèrè tí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀, pé kí ni ó fẹ́ dà lọ́jọ́ iwájú. Ìgbà keje rẹ̀ nìyẹn tí yóò dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, wọ́n dé ẹ̀kọ́ kẹta, olùkọ́ náà sì gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ padà sílé. Kò sí ìwé kan tí ẹni tí ó ń lọ ń kọ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń bọ̀. Bí ọmọ náà kò bá jẹ́ ẹni tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀, n kò bá má mọ̀ pé ẹnì kankan ti jókòó sórí àga tí mo jókòó lé rí. Èyí ni ó gba ìràwọ̀ kan lọ́wọ́ ètò yìí. Kò sì gba owó láti tún un ṣe: ìwé kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, nínú àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́, ti tó.

Ohun tí ọmọ náà ti fi rúlà fà sínú ìwé, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ti rí i tipẹ́. Ní ọdún 1995, wọ́n tẹ èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí Big Brothers Big Sisters, ètò tí ó ń fún ọmọ ní àgbàlagbà tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà, níbi tí wọ́n ti tọpasẹ̀ ọmọ 959, ẹni ọdún 10 sí 16, fún oṣù 18. Àwọn ọmọ tí ó ní olùtọ́sọ́nà tí wọ́n ń rí déédéé kò sáré bẹ̀rẹ̀ oògùn olóró bí àwọn tí kò ní: ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún; ti ọtí jẹ́ ìdá 27. Èsì yìí ni àwọn ètò fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 2002, àwọn oníwádìí padà sórí àkọsílẹ̀ kan náà, wọ́n sì pín àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìbáṣepọ̀ wọn ti pẹ́ tó. Àwọn tí tiwọn lé ní ọdún kan ni ó jèrè jù lọ. Ní ti àwọn tí tiwọn dópin kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, iyì tí wọ́n ń fún ara wọn dínkù, ìgbàgbọ́ wọn nínú ọpọlọ ara wọn pàápàá sì lọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò tó oṣù méjì. Àwọn tí ó ṣètò wa mọ ìṣirò yìí tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, kò yẹ kí wọ́n máa pe ohun tí a lọ ṣe ní orúkọ kan náà pẹ̀lú ohun tí ìwádìí náà yìn.

Mo ní ìràwọ̀ mẹ́ta, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí mo ti rí wọn. Ọwọ́ obìnrin kan tí ètò náà ń pè ní “alábàáṣepọ̀ àdúgbò” ni mo ti rí méjì nínú wọn. Aránṣọ ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé náà, àwọn ni wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí a lọ bá níbẹ̀ sílẹ̀, ọdún kọkànlá tí wọ́n ti ń bójú tó o nìyẹn. Bí àwọn ọmọ bá jáde ilé-ìwé, ẹ̀bá ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ni púpọ̀ nínú wọn ń yà sí. Wọ́n mọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò tí kò sì tíì fi ohùn ránṣẹ́, wọ́n mọ èyí tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa tí ó ń díbọ́n pé òun ń rí ara pátákó ìkọ̀wé, wọ́n sì mọ èyí tí ó yẹ kí a bá wí àti èyí tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ fún ní ìjókòó. Wọ́n kì í gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́, gbogbo ọmọ tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo lọ bá wọn, mo sì sọ fún wọn pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo bi wọ́n pé, “Ìyá, kí ni ẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?” Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Wọ́n ní ìdánwò ìṣirò ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i, àwọn kò sì mọ ìṣirò tí ó ju ti aṣọ lọ. Wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà lórí ìṣirò nìkan, kí n yé bi wọ́n ní ìbéèrè ọkàn, bí mo bá sì rí ohunkóhun tí kò dára lójú ọmọ kan, kí n wá sọ ọ́ fún àwọn. Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ mi ti ní orí tí ó sì ní ìdí. Mo di ọwọ́ kejì fún ẹni tí ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Bí mo bá lọ, ìtọ́sọ́nà kò lọ. Ìṣirò nìkan ni yóò fara gbá a. Mẹ́ta nínú àwa mẹ́sàn-án ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n fúnra wa ni a rí ọ̀nà náà. Kò sí nínú ìwé ìlànà ètò náà, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìràwọ̀ kẹta wá láti ìhà ìdàgbàsókè ìlú, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ẹ̀rọ afọwọ́fà kan wà lẹ́yìn ilé-ìwé náà tí ó yẹ kí ó máa fún gbogbo àdúgbò ní omi. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún wa ni pé kí a kùn ún ní ọ̀dà, kí a sì ya àwòrán ọwọ́ sí ara rẹ̀ láti rán àwọn ọmọ létí pé kí wọ́n máa fọ ọwọ́. Nígbà tí mo ń fi bébà ha ara irin náà kí a tó kùn ún, ọ̀dà àwọ̀ ewé ṣí, àwọ̀ ìyeyè yọ lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè náà ṣí, àwọ̀ aró yọ. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ti kùn ún ṣáájú wa. Mo di ọwọ́ ẹ̀rọ náà mú, mo fà á, kò wúwo rárá, omi kò sì jáde.

Ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ náà ni ó ṣàlàyé fún wa. Rọ́bà róbótó kan wà nínú páìpù lọ́hùn-ún tí ó yẹ kí ó fún mọ́ ara rẹ̀ kí ó lè gbé omi sókè. Bí a bá ti ń lò ó, yóò máa jẹ, ó sì yẹ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀. Rọ́bà náà kò tóbi ju ọmọrí ìgò lọ. Ìlú kejì ni wọ́n ti ń tà á, kò sì sí ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí a fi ṣe olùtọ́jú owó ẹ̀rọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti rì í. Kì í ṣe àdúgbò yẹn nìkan. Nígbà tí RWSN, àjọ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi ìgbèríko, kó ìṣirò orílẹ̀-èdè 20 ní Áfíríkà jọ ní ọdún 2009, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ afọwọ́fà tí wọ́n ti rì ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìtumọ̀ tí ìgbìmọ̀ Brundtland ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ìdàgbàsókè tí ó ń tọ́jọ́ ní ọdún 1987 ni pé kí a pèsè ohun tí ayé òní nílò láìba tàwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la jẹ́. Lẹ́bàá ẹ̀rọ yẹn, ó rọ̀ mọ́ rọ́bà kan àti ẹni tí yóò máa rà á.

A dá ọ̀dà dúró. Alábòójútó wa kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ra ọ̀dà náà, wọ́n sì nílò fọ́tò ìparí iṣẹ́ fún ìròyìn wọn. A jọ fà á fún ọjọ́ méjì. Níkẹyìn, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ náà pe àwọn àgbà àdúgbò jọ, wọ́n fẹnu kò sí ohun díẹ̀ tí ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa dá lóṣù, wọ́n sì yan ọmọbìnrin méjì àti ọmọkùnrin kan láti máa tọ́jú rẹ̀. Ẹnì kan nínú wa tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ni ó jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ó kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe ìwé owó: èyí tí ó wọlé ní ọ̀tún, èyí tí ó jáde ní òsì, ìfọwọ́sí ẹni méjì kí owó tó kúrò. Wọ́n yan ọ̀tún fún owó tí ó wọlé nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ti ń ṣe é nínú àjọ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ yí i padà sí ti inú ìwé rẹ̀, wọ́n kọ̀, wọ́n sì jàre. Rọ́bà náà dé ní ọ̀sẹ̀ keje. Ọmọkùnrin tí ó ṣàlàyé fún wa ni ó tú páìpù náà, èmi ni mo ń di sípánà mú fún un. Iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì gbádùn rẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo ṣe láti ọjọ́ tí a ti dé.

Ọ̀rọ̀ owó kò gba àlàyé gígùn. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ wa, wọn kò sì sọ bí wọ́n ṣe ná an. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ìdáhùn àkọ́kọ́ jẹ́ ìdúpẹ́, ìkejì jẹ́ àwòrán róbótó tí wọ́n pín sí mẹ́rin láìsí iye kankan lára rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé ìyá aránṣọ kò gba ohunkóhun nínú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ti ṣe jù báyìí lọ: ní ọdún 2008 ni Engineers Without Borders ti Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé jáde lórí àwọn iṣẹ́ tí kò yọrí sí rere lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì sọ ohun tí ó fà á. Bí ètò kan bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ó ti kùnà, n óò fọkàn tán an ju èyí tí gbogbo fọ́tò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lọ.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ni ó ń tọ́ àwọn ọmọ náà sọ́nà nígbà tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan níbẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ ẹni náà, kí ó ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp kí òun tó san owó. Bí wọn kò bá rí ẹni dárúkọ, kí ó fi owó rẹ̀ sápò. Bí ó bá sì jẹ́ ilé àwọn ọmọ òrukàn ni wọ́n fẹ́ mú un lọ, kí ó sá. Ní Cambodia, wọ́n ti ṣàwárí pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tí ó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó ní òbí kan láyé, ó kéré tán, owó àwọn àlejò sì wà lára ohun tí ó ń mú kí ilé náà pọ̀ sí i. Láti ọdún 2018 ni Ọsirélíà sì ti ka kíkó ọmọ sí ibẹ̀ nítorí èrè kún oko ẹrú òde òní. Ètò tiwa kò sún mọ́ irú ìyẹn, mo sì kà á sí oore fún wọn.

Ẹni tí ó ní ìmọ̀ kan pàtó lọ́wọ́, tí kò sì kọ̀ láti gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹni tí kò ka ìwé tó o, ni yóò jẹ àǹfààní ètò yìí jù. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí wọ́n ti máa pè é ní olórí lọ́mọ ogún ọdún, kí ó wá a sí ibòmíràn. Mo tún rò pé kò pọn dandan kí gbogbo ènìyàn wọ ọkọ̀ òfurufú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, Peace Corps kó gbogbo nǹkan bí 7,000 àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sílé láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 60, ọ̀pọ̀ ètò akẹ́kọ̀ọ́ náà sì dúró gbọnrangandan. Níbi tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú bá ti lágbára, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ láìsí àlejò. Láti ìgbà tí mo ti padà dé, mo ń bá àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ìṣirò lórí fóònù ìyá aránṣọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, oṣù kẹwàá rẹ̀ sì nìyí. Ó ti pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí mo sanwó fún lọ, kò sì sí nínú ètò náà.

Ìyá aránṣọ kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní ẹ̀rọ omi ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti pààrọ̀ rọ́bà náà lẹ́ẹ̀kan sí i láti inú owó tí wọ́n dá, ọmọbìnrin tí ó ní ìwé onírúlà náà sì ti di ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó ń tọ́jú owó. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ti dé ní ọjọ́ Ajé, ènìyàn mẹ́wàá, wọ́n sì gbé ọ̀dà wá.